Ègúsí Inú Ọbẹ̀ Wa: Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí kì í ṣe lórí èlé ẹ̀yáwó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe lórí ìwé ìṣirò. Orí ègúsí ni. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọbẹ̀ ẹni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí, lẹ́yìn náà kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lóhùn.

1. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ní ìparí ọdún kan, ẹgbẹ́ tiwa tí ń pàdé ní Ìkẹjà GRA pinnu láti fi owó àjùmọ̀ní ra oúnjẹ tí a ó pín fún ọdún: ìrẹsì, òróró àti ègúsí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa jẹ́ akọ̀wé, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, alásè, àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ láti Ògbà títí dé Agége. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń jáde nílé, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Kò sí ẹni tí ó ní àyè láti jókòó bó ègúsí. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì ti dì sínú ọ̀rá, nítorí pé owó rẹ̀ fi dáadáa dín sí ti ọjà. Gbogbo wa ni a pàtẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí a gbé ọbẹ̀ kaná, ọ̀rọ̀ yí padà. Ti ẹlòmíràn ki bí ògì, kò sì yọ epo. Ti ẹlòmíràn korò lọ́nà ọ̀fun. Èyí tí ó bà wá nínú jẹ́ jù lọ ni ti ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa. Ara ọmọ náà kì í gba ẹ̀pà, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀pà wọ inú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn òkèlè mélòó kan, ètè ọmọ wú, èémí sì bẹ̀rẹ̀ sí há a láyà. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì tètè tọ́jú rẹ̀. Orí bá a ṣe é. Nígbà tí a padà lọ bi ẹni tí ó ta ọjà náà fún wa, ó jẹ́wọ́ pé wọ́n lọ ẹ̀pà àti àgbàdo mọ́ ọn kí ó lè pọ̀.

A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹ̀bi náà kan àwa náà. Owó pọ́ọ́kú ni a tẹ̀ lé. A kò béèrè ohun tí ó wà nínú ọ̀rá, a kò sì se díẹ̀ wò kí a tó pín in fún ènìyàn. Ìyá ọmọ náà kò pariwo. Ohun tí ó sọ nínú ìpàdé kò ju báyìí lọ: “Bí ó bá ṣe pé èmi ni mo lọ rà á lọ́jà, ǹ bá ti bi wọ́n. Ọwọ́ ẹgbẹ́ ni mo ti gbà á, ìdí nìyẹn tí n kò fi bèèrè.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó bí ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ra oúnjẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ oúnjẹ náà.

2. IRÚ OHUN TÍ ÈGÚSÍ JẸ́

Oríṣi méjì ni àwa Yorùbá mọ̀ jù. Ègúsí bàrà ni ó pọ̀ lọ́jà. Ilẹ̀ ni ìtàkùn rẹ̀ ń fà lé, èso rẹ̀ sì rí roboto. Ẹbí kan náà ni òun àti wọ́tà-mẹ́lóònì tí a ń rà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ korò, kò ṣeé jẹ. Ègúsí ìtóò ni èkejì. Òun máa ń gun igi tàbí òpó, kóró rẹ̀ sì funfun.

Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn láti gbin bàrà sáàrin iṣu tàbí ẹ̀gẹ́, nítorí pé ewé rẹ̀ ń bo ilẹ̀, kì í jẹ́ kí koríko ráyè. Bí èso bá gbó, wọn a fọ́ ọ, wọn a kó o jọ fún ọjọ́ mélòó kan kí inú rẹ̀ lè rà, wọn a fọ kóró rẹ̀ mọ́ nínú omi, wọn a sì sá a sóòrùn. Púpọ̀ nínú èyí tí ń wọ Èkó ń ti Kogí, Bẹ́núé, Násáráwá àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí wọn ká wá. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ń tà á ní ọjà Ìpodo, tàbí ní Òkè-Odò tí a ń pè ní Ilé-Epo, ọwọ́ mélòó kan ni ó ti kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibi tí ọwọ́ bá pọ̀ sí ni ọjà ti máa ń bàjẹ́.

Ohun àtijọ́ ni jíjẹ kóró yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde pé kóró kan tí a rí ní Uan Muhuggiag ní orílẹ̀-èdè Líbíà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 6,000 ọdún, jẹ́ ti ẹ̀yà tí ó súnmọ́ ègúsí, tí inú rẹ̀ sì korò. Kóró ni àwọn ènìyàn ìgbà náà ń wá, kì í ṣe inú èso. Lónìí, agushi ni wọ́n ń pè é ní Gánà, pistache ni wọ́n ń pè é ní Kamẹrúùnù, níbi tí wọ́n ti ń fi ewé dì í sè bí a ṣe ń se mọ́ín-mọ́ín. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òun ni ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí, òun ni ògìrì, òun náà sì ni róbó tí a ń jẹ pẹ̀lú gúgúrú.

3. KÍ NI Ó Ń MÚ ỌBẸ̀ KI?

Bí a bá wo ohun tí àwọn ìyá wa fi ń mú ọbẹ̀ ki, a ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni.

Èkíní ni ohun tí ń yọ̀: ilá, ewédú àti àpọ̀n. Omi yíyọ̀ inú wọn ni ó ń mú ọbẹ̀ fà.

Èkejì ni ohun tí ó ní sítáàṣì: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, kókò. Bí sítáàṣì bá wọ omi gbígbóná, yóò fa omi mu, yóò wú, yóò sì dì, gẹ́gẹ́ bí ògì ṣe ń di ẹ̀kọ.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó ní òróró àti purotéènì púpọ̀, èyí tí ń mú ara dàgbà. Ibẹ̀ ni ègúsí wà. Bí a bá wọn 100 gíráàmù ègúsí bíbó, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni òróró, nǹkan bí 28 gíráàmù sì ni purotéènì. Sítáàṣì inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Purotéènì inú ègúsí ń ṣe bí ti ẹyin. Ẹyin tútù ń ṣàn, ṣùgbọ́n bí iná bá kàn án, ó dì, kì í sì í padà ṣàn mọ́. Bákan náà ni ègúsí tí a rọ: bí ó bá bọ́ sínú ọbẹ̀ tí ń hó, purotéènì rẹ̀ dì, ó sì di omi àti òróró mú sáàrin ara rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní kókó ègúsí nìyẹn. Bí omi bá ń gbẹ lọ, òróró díẹ̀ yóò jáde, yóò sì léfòó. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń sọ pé ègúsí kò tíì jinná bí kò bá tíì yọ epo.

Láti inú èyí ni a ti lè rí bí a ṣe ń sè é:

(a) Bí ẹ bá fẹ́ kókó, ẹ fi àlùbọ́sà lílọ̀ àti omi díẹ̀díẹ̀ po ègúsí títí yóò fi ki. Ẹ máa fi ṣíbí bù ú sínú ata tí ó ti ń hó, ẹ dé e, ẹ má sì rò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá tètè rò ó ti fọ́ ọ kí ó tó dì.

(b) Bí ẹ bá fẹ́ kí ó kúnná, ẹ po ó kí ó ṣàn díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó bí ẹ ti ń dà á sínú ọbẹ̀.

(d) Ẹ jẹ́ kí epo yọ kí ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i. Omi inú ẹ̀fọ́ lè tún mú un ṣàn.

4. OHUN MẸ́TA TÍ Ń BA ÈGÚSÍ JẸ́

Èkíní ni lílú. Ègúsí wọ́n ju àgbàdo àti ẹ̀pà lọ, nítorí náà àwọn kan ń lọ ọ̀kan nínú wọn tàbí ẹ̀wà sóyà mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń ra ègúsí tí ó sì ń gba àgbàdo ti pàdánù owó rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀.

Èkejì ni ìkorò. Òróró inú ègúsí kò ní wàhálà níwọ̀n ìgbà tí kóró bá wà ní odindi. Bí a bá ti lọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ yóò ráyè dé ibi òróró náà, kì í sì í pẹ́ kí ó tó yí adùn padà. Nítorí náà, ègúsí tí ó wà nínú èèpo ni ó ń pẹ́ jù, èyí tí a bó ni ó tẹ̀ lé e, lílọ̀ ni kì í pẹ́ rárá.

Ẹ̀kẹta ni bíbu, òun ni ó sì léwu jù. Kí èèpo lè tètè ṣí, wọn a máa wọ́n omi sí ègúsí kí wọ́n tó bó o, yálà ọwọ́ ni wọ́n fi bó o tàbí ẹ̀rọ. Kò burú, bí wọ́n bá tún un sá kí ó gbẹ. Bí wọ́n bá kó o sínú àpò pẹ̀lú ọ̀rinrin, yóò bu. Nínú ohun tí ń hù lára oúnjẹ tí ó bu, irú kan wà tí ń pèsè oró tí a ń pè ní aflatoxin. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà bíbu ṣe. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ni ó tú àṣírí oró yìí. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Iná ìdáná wa kò lè pa á. Nítorí oró yìí kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi kó ègúsí tí ó ti Nàìjíríà wá sáàrin àwọn ẹrù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti yẹ̀ wò ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 2010. Ẹ̀yin tí ẹ ń di ègúsí fún ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ẹ rántí pé bí ó ti lè pa wọ́n lára lọ́hùn-ún ni ó lè pa wá lára níhìn-ín.

5. BÍ A ṢE LÈ DÁ OJÚLÓWÓ MỌ̀

Ojú àti ọwọ́: Ègúsí bíbó tí ó dára gbẹ, ó sì funfun ràkọ̀ràkọ̀. Bí ẹ bá fún un láàrin ìka méjì, ó ń kán ni, kì í tẹ̀. Ẹ ṣa èyí tí ó dúdú, èyí tí ó rún, àti èyí tí àwọ̀ ewé wà lára rẹ̀ dànù. Ṣíṣà yìí ń dín oró náà kù púpọ̀, ṣùgbọ́n àpò tí gbogbo rẹ̀ bá ń rùn ìbu kò ṣeé ṣà. Ẹ dá a padà.

Imú àti ẹnu: Ẹ jẹ ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá ta yín lọ́fun tàbí tí ó korò, òróró rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ìkòkò: Bí ègúsí lílọ̀ bá di bí ògì, tí kò ní kókó tí kò sì yọ epo, ẹ fura sí àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́.

Áyódìn: Ẹ se ṣíbí kan nínú omi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ kán áyódìn tí a fi ń tọ́jú egbò sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ se ègúsí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín lọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Bí ti ọjà bá dúdú bí yíǹkì, sítáàṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ da méjèèjì nù lẹ́yìn náà, kì í ṣe ohun jíjẹ mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé áyódìn ju bí ó ti yẹ lọ. Kò lè fi ẹ̀pà hàn yín, kò lè fi ẹ̀wà sóyà hàn yín, kò sì lè fi oró bíbu hàn yín. Kò sí ohun ìdáná kan tí ó lè fi ìwọ̀nyí hàn nínú ègúsí tí a ti lọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ wa fi lọ sí ibì kan ṣoṣo: ẹ má ṣe ra lílọ̀ fún ẹgbẹ́. Odindi ni kí ẹ rà, níbi tí ojú ti lè rí i.

6. OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Èyí kì í ṣe ohun tuntun nínú iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844, àwọn òṣìṣẹ́ Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní òpópónà Toad Lane. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti ìyẹ̀fun óòtù wà nínú ọjà díẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, àwọn oníṣòwò ń po álọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n sì ń fi òṣùwọ̀n èké tà fún tálákà. Àwọn ará Rochdale ní ojúlówó ni àwọn yóò máa tà, ní òṣùwọ̀n pípé, èrè tí ó bá sì wà yóò padà sọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, gẹ́gẹ́ bí ó ti rà tó. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ tiwa náà dúró lé, láti ìgbà tí òfin àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti jáde ní Nàìjíríà ní 1935. Nígbà tí a bá ń yá ara wa lówó nìkan, tí a kò bèèrè ohun tí a ń jẹ, ààbọ̀ iṣẹ́ ni a ń ṣe.

Ohun tí a fẹnu kò sí ní ẹgbẹ́ tiwa nìyí:

(a) Ènìyàn mẹ́ta ni ó ń lọ rajà, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ń dáná lójoojúmọ́. Ìdí ni pé ìgbìmọ̀ tí ó ra ègúsí ọdún náà, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ń wọ ilé ìdáná.

(b) Ìgbà tí ègúsí tuntun bá wọ ọjà ni wọ́n ń rà, odindi ni wọ́n sì ń rà. Wọn a bù wò láti ẹnu àpò, àárín àpò àti ìsàlẹ̀ àpò.

(d) Wọn a se díẹ̀, wọn a sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ẹgbẹ́, kí wọ́n tó san owó ìyókù.

(e) Bí ó bá jẹ́ oníèèpo, a ń san owó fún àwọn tí ń bó o. A ń tún un sá lẹ́yìn bíbó, a sì ń ṣà á.

(ẹ) Kọ́ńgò kan náà ni a fi ń wọ̀n ọ́n fún gbogbo ènìyàn, lójú gbogbo ènìyàn.

(f) Olúkúlùkù ni yóò lọ tirẹ̀, ìwọ̀n tí yóò sè nìkan. Ẹni tí ara rẹ̀ tàbí ara ọmọ rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà kò gbọdọ̀ gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀pà. Kí ó lọ̀ ọ́ nílé.

Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ lọ̀ ọ́, kí ó dì í, kí ó sì tà á fún ará ìta, ìyẹn ti di iṣẹ́ mìíràn. Ó gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1993. Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, kò jìnnà sí wa. Iṣẹ́ wọn ni ìmọ̀ nípa ṣíṣe oúnjẹ ní ìwọ̀n ńlá, ó sì yẹ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Iye owó yìí kì í ṣe ti ọjà, a kàn fi ń kọ́ ìṣirò ni.

Ọmọ ẹgbẹ́ 20 dá ₦5,000 kọ̀ọ̀kan: ₦100,000
Owó ègúsí oníèèpo: ₦82,000
Owó ọkọ̀: ₦6,000
Owó bíbó àti ṣíṣà: ₦7,000
Owó àpò: ₦1,000
Àpapọ̀ ìnáwó: ₦96,000
Owó tí ó ṣẹ́ kù: ₦4,000

Bí ó bá di kọ́ńgò 40 lẹ́yìn bíbó àti ṣíṣà, kọ́ńgò kan dúró lé ₦2,400. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba kọ́ńgò méjì, èyí tí í ṣe ₦4,800, ₦200 sì ṣẹ́ kù fún un lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ká ní ₦2,800 ni wọ́n ń ta kọ́ńgò kan lọ́jà, ₦5,600 ni ì bá ná. Ó ti jèrè ₦800. Kì í ṣe owó ńlá. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Kò sí ẹni tí yóò fún wa ní ojúlówó ègúsí ní owó àgbàdo, ìgbìmọ̀ tí ó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀, kí ẹ bi í léèrè dáadáa. Èrè tí ó tóbi níbẹ̀ ni pé a mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò.

7. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin bí ègúsí ṣe ń mú ọbẹ̀ ki àti bí ògì ṣe ń dì?
2. Èwo nínú àwọn ohun tí ń ba ègúsí jẹ́ ni ojú lè rí? Èwo ni kò lè rí?
3. Nínú ẹgbẹ́ tiyín, ta ni ń yẹ ọjà wò kí a tó pín in? Ǹjẹ́ a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé?
4. Ta ni nínú yín tí ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ rẹ̀ kì í gba oúnjẹ kan? Ǹjẹ́ ìgbìmọ̀ mọ̀?
5. Owó tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọjà àjùmọ̀rà, ṣé kí a pín in ni tàbí kí a fi pamọ́? Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi rò bẹ́ẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra kọ́ńgò mẹ́wàá ègúsí oníèèpo. Ẹ bó o, ẹ sá a, ẹ ṣà á, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Ẹ kọ iye tí ó kù sínú ìwé. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan yóò mọ iye tí ègúsí bíbó yẹ kí ó jẹ́ gan-an, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi owó pọ́ọ́kú tàn án mọ́.

Ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀ ti dàgbà díẹ̀ sí i, ara rẹ̀ le. Ìyá rẹ̀ ni ẹnì kẹta nínú àwọn tí ń bá wa rajà báyìí. Bí ó bá ti dé ìdí àpò, ó máa ń ti ọwọ́ rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá kí ó tó sọ̀rọ̀ nípa owó. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.